Kòkó àti Olùrà Kan Ṣoṣo

Ìdúnàádúrà jẹ́ ọgbọ́n tí àwọn baba wa kò kọ́ nílé ìwé. Bí owó tí olùrà dá kò bá tẹ́ ọlọ́jà lọ́rùn, ó lè gbé ọjà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìyẹn ni ó ń mú kí olùrà fi owó kún owó. Bí kò bá sí ẹlòmíràn, ìdúnàádúrà di ẹ̀bẹ̀. Ìtàn kòkó nílẹ̀ Yorùbá ni ẹ̀rí mi.

Kì í ṣe ìjọba ni ó kọ́kọ́ dín olùrà kù. Ní 1937, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ńláńlá tí ń ra kòkó ní Gánà àti Nàìjíríà fìmọ̀ ṣọ̀kan pé àwọn kò ní í fi owó bá ara wọn díje mọ́. Nígbà tí ogun dé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì di olùrà gbogbo kòkó. Ogun parí, ipò náà kò parí. Wọ́n dá Bọ́ọ̀dù Kòkó Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1947. Ní 1954, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ bọ́ọ̀dù Ìwọ̀-Oòrùn. Bọ́ọ̀dù ní ń dá iye owó, àwọn tí ó fún ní ìwé-àṣẹ nìkan ni ó sì lè bá a ra kòkó.

Àlàyé wọn dùn létí: bí kòkó bá wọ́n lókè òkun, bọ́ọ̀dù yóò fi owó pamọ́, bí ó bá pọ̀ọ́kú, yóò fi owó náà gbe àgbẹ̀ nídìí. Ìpamọ́ ni a rí ju ìgbèjà lọ. N kò sẹ́ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 àti Ilé Kòkó n'Ìbàdàn jẹ́ èso owó yìí. Ṣùgbọ́n ní 1962, Ìgbìmọ̀ Coker tú u fó pé púpọ̀ nínú rẹ̀ gba ọ̀nà ìṣèlú lọ. Owó-orí ni, bí wọn kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀, àgbẹ̀ sì tún ń san owó-orí mìíràn lé e. Nígbà tí Àgbẹ̀kọ̀yà dìde ní 1968, owó-orí àti owó kòkó tí kò tó nǹkan wà lára ohun tí ó bí wọn nínú. Ẹni tí kò lè sọ pé "n kò tà" lọ́jà ti rí ibòmíràn sọ ọ́.

Wọ́n fòpin sí bọ́ọ̀dù ní 1986. Olùrà pọ̀, owó gòkè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé jíjábọ́ náírà wà nínú ohun tí ó fà á. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò dẹ̀, kòkó tí kò gbẹ dáadáa sì ń wọ àpò. Lójú tèmi, iṣẹ́ ìjọba ni kí ó yẹ òṣùwọ̀n àti ọjà wò, kí ó sì ṣọ́ àwọn olùrà kí wọ́n má baà fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí àgbẹ̀. Kí ó má ṣe sọ ara rẹ̀ di olùrà kan ṣoṣo.