Àwọn Alágbàtà Ọjà Àpòmù

Àwọn baba wa a máa wí pé alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ní Àpòmù, nígbà tí ọ̀rúndún kejìdínlógún ń lọ sí òpin, alágbàtà a máa sọ ènìyàn pàápàá di ọjà. Ẹni tí ó gba iyọ̀ àti aṣọ lọ́wọ́ ará Ìjẹ̀bú ní òwúrọ̀, tí ó tà á fún ará Ọ̀yọ́, òun kan náà lè gba ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ gbọ́mọgbọ́mọ ní ìrọ̀lẹ́, kí ó fà á lé ẹni tí ń lọ sí etí òkun lọ́wọ́.

Kí Aólẹ̀ tó di Aláàfin Ọ̀yọ́, òwò ni ó ń ṣe, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń mu. Nígbà tí wọ́n dé Àpòmù, ó ta ọ̀rẹ́ náà. Samuel Johnson, àlùfáà ọmọ Ọ̀yọ́ tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé àṣẹ ti wà nílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Aláàfin àti Ọọ̀ni Ifẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ ta ọmọ Ọ̀yọ́ ní ọjà náà, nítorí náà ni Baálẹ̀ Àpòmù ṣe mú oníṣòwò yìí, tí ó sì nà án ní ànàbolẹ̀. Ẹni tí ó ta ọ̀rẹ́ gbàgbé ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ẹgba. Nígbà tí ó gorí ìtẹ́ tí àwọn ìjòyè bi í pé ta ni ọ̀tá ọba, Baálẹ̀ Àpòmù ni ó dárúkọ. Baálẹ̀ sá lọ sí ààfin Ọọ̀ni. Nígbà tí ó rí i pé ogun yóò tìtorí òun pa ìlú rẹ́, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n gé orí òun lọ fi tu Aláàfin lójú. Lójú tèmi, nínú gbogbo àwọn tí ìtàn yìí kàn, òun nìkan ni ó ṣe bí ọba.

Ìjínigbé kò tìtorí ìyẹn dáwọ́ dúró. Tòyèjẹ ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Oníkòyí bẹ ìlú Òwu pé kí ó gba ojú ọ̀nà náà lọ́wọ́ àwọn gbọ́mọgbọ́mọ. Òwu jẹ́ iṣẹ́ náà ní àjẹ́rékọjá, ó kọlu Àpòmù, ó kọlu Ìkirè, àti àwọn ìlú Ifẹ̀ mìíràn. Lẹ́yìn èyí ni ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú takora ní ọjà Àpòmù lórí iye ataare, tí ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn. Ataare kò tó ohun tí ìlú ń tìtorí rẹ̀ tú. Ojú ọ̀nà ẹrú ni wọ́n ń jà sí. Ìbọn wà lọ́wọ́ Ìjẹ̀bú láti etí òkun, àgẹ̀dẹ̀ǹgbẹ́ ni Òwu gbẹ́kẹ̀ lé.

Ó tó bí ọdún márùn-ún tí Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ fi dó ti Òwu kí ó tó fọ́, ní nǹkan bí 1820 sí 1825, wọ́n sì pàṣẹ pé a kò gbọdọ̀ tún un tẹ̀ dó. Ìkirè àti Àpòmù padà gbérí. Àwọn jagunjagun tí ó fọ́ Òwu kò padà sílé: wọ́n kọjú sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá, wọ́n kó o ní ìlú dé ìlú, títí wọ́n fi jókòó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí 1829.