Ìlà Kan Ṣoṣo fún Kòsọ́fẹ́

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2004, ilé iṣẹ́ ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀, lábẹ́ mínísítà Ngozi Okonjo-Iweala, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye owó tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà lóṣooṣù sínú ìwé ìròyìn. Oníṣòwò Mile 12 lè fi ìka tọ ìlà Kòsọ́fẹ́, kí ó sì mọ iye tí Àbújá sọ pé òun fi ránṣẹ́. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni. Òfin àṣírí ìjọba ti ọdún 1962 sì ń dẹ́rù ba òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ la ẹnu.

Ìfẹ́ ará ìlú nìkan kọ́ ló ṣí ìwé náà. Bí iye tí gómìnà àti alága gbà bá ti hàn, Àbújá nìkan kọ́ ni aráàlú yóò máa bi léèrè ọ̀nà tó bàjẹ́. Ilé iṣẹ́ tí ìmọ̀ yóò sọ ẹrù kalẹ̀ fún kì í pẹ́ fi í síta. Lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún 2006, Èkó náà kò jáfara láti gbé iye tirẹ̀ jáde: àjọ elétò ìkànìyàn ní ènìyàn Kòsọ́fẹ́ lé ní 660,000, ìpínlẹ̀ ní wọ́n lé ní 930,000.

Ṣùgbọ́n ìdíwọ́ mìíràn wà nílẹ̀. Ní ọdún 2003, ìjọba Bọ́lá Tinúbú sọ ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà l'Ékòó di 57. Ìkòsì-Ìṣẹrì àti Àgbóyì-Kétu jáde lára Kòsọ́fẹ́. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kò gbà, ó sì dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2004, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé ààrẹ kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ó fi kún un pé àwọn ìjọba tuntun náà kò tíì pé títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ yóò fi ṣe ti tirẹ̀. Ọdún 2007, nígbà Yar'Adua, ni wọ́n tó tú owó náà sílẹ̀. Aṣòfin kò ṣe é, orúkọ wọn sì di ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè.

Nítorí náà, 20 ni ìlà Èkó ṣì jẹ́ nínú ìwé Àbújá. Kòsọ́fẹ́ wà níbẹ̀. Ìkòsì-Ìṣẹrì kò sí, Àgbóyì-Kétu kò sí. Ìwé ṣí sílẹ̀ gbayawu, síbẹ̀ ará Kétu kò lè fi í bi alága rẹ̀ ní ìbéèrè kan. L'Ékòó ni ìwé ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà.

Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin òmìnira ìròyìn ní ọjọ́ 28, oṣù Èbìbí, ọdún 2011. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní kò kan àwọn, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi sọ ní oṣù Igbe ọdún 2025 pé gbogbo ìpínlẹ̀ ló dè. Ará Ìkòsì tó bá kọ lẹ́tà béèrè ìpín àdúgbò rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí èsì láàárín ọjọ́ 7. Òfin kan náà sì dáàbò bo akọ̀wé tó bá fi ọkàn rere kó ìwé náà lé e lọ́wọ́.