Òfin Oyè Ìbàdàn àti Èso Tí Ó So

Ẹni tí ó bá ń ka ìtàn ogun ilẹ̀ Yorùbá a máa bèèrè pé, Ta ni akọni? Ta ni ó ṣẹ́gun? Ó yẹ kí a bèèrè pẹ̀lú pé, Òfin wo ni ó ń darí àwọn akọni náà?

Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí Ìbàdàn, ní nǹkan bí ọdún 1829, ibùdó ogun ni ìlú náà. Kò sí ìdílé ọba nínú rẹ̀. Àwọn àgbà a máa wí pé, bí a ti í ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ní ìlú mìíràn, ọmọ ọba ni í jọba. Ní Ìbàdàn, a kì í jogún oyè. Akínkanjú a gba oyè kékeré. Bí ẹni tí ó wà lókè rẹ̀ bá kú, òun a gun àkàbà oyè ní ìpele kan, títí yóò fi di Balógun tàbí Baálẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ṣe ti ibi gbogbo wá. Li ọdún 1840 wọ́n dá ogun Ìlọrin dúró ní Òṣogbo. Li ọdún 1862 wọ́n fọ́ Ìjàyè.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé ìlú náà ga ni ó tún kó ìyọnu bá a. Ìlú kì í san owó fún ọmọ-ogun. Olúkúlùkù olóyè li ó ń bọ́ àwọn tirẹ̀. Níbo ni yóò ti rí i? Lára ẹrú tí ń ro oko rẹ̀, àti lára owó òde tí àwọn ajẹlẹ̀ ń gbà ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ogun li ó ń mú ẹrú wá, ogun li ó sì ń mú oyè wá. Bẹ́ẹ̀ ni àlàáfíà di àdánù fún ẹni tí ń wá ipò. Kì í ṣe pé ọkàn wọn burú ju ti ẹlòmíràn lọ; ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ ni wọ́n tọ̀. Ìnilára àwọn ajẹlẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí fi dìde sí wọn li ọdún 1878. Èkìtì Parapọ̀ sì gbé ogun Kírìjì ko Ìbàdàn.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́run méjì nínú Ìjọ wa, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ni Gómìnà Èkó rán láti là wọ́n. A fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní oṣù Júùnù, ọdún 1886. Li ọdún 1893 ogun Ìlọrin náà parí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gba agbára ogun lọ́wọ́ ìlú. Ẹ kíyèsí ohun tí ó tẹ̀lé e. Àkàbà oyè kò wó. Ọ̀nà tí a fi ń dé ẹsẹ̀ rẹ̀ li ó yí padà. Ọ̀pọ̀ jagunjagun padà sí oko, wọ́n gbin kòkó. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn li ọdún 1901. Li ọdún 1936 a sọ Baálẹ̀ di Olúbàdàn. Ìlà oyè méjèèjì ṣì ń bẹ títí di òní, ìlú sì mọ ẹni tí ó kàn kí àyè tó ṣófo.

Ẹ̀kọ́ yìí kan gbogbo ẹni tí a fi àkóso lé lọ́wọ́, ní ìlú àti ní ìjọ. Kí a tó dá ènìyàn lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òfin tí a fi lélẹ̀ fún un. Nítorí ohun tí òfin bá ń san èrè fún, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò máa ṣe.