Eré Ni Tàbí Òótọ́?

Nígbà ọdún òrìṣà Ògìyán ní Èjìgbò, àwọn ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣọlọ̀ àti àwọn ará Òkè Màpó a máa fi àtòrì na ara wọn. Bí ẹ̀rín ti ń sọ ni ẹgba ń ta wọ́n lára. Eré ni tàbí òótọ́?

Ìbéèrè yìí kan náà ni a lè bi ẹgbẹ́ Van Canto, tí a dá sílẹ̀ ní Jámánì ní 2006. Orin rọ́ọ̀kì líle tí a mọ̀ sí heavy metal ni wọ́n ń kọ. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ìlù, ẹnu lásán ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ gìtá. Ṣé ẹ̀fẹ̀ ni?

Ẹ jẹ́ kí ìjálá dá wa lóhùn. Ògún tí ó ni irin ni ó ni ìjálá. Ohùn ẹnu sì ni òpómúléró rẹ̀. Ìwé tí Adébóyè Babalọlá ṣe ní 1966 fi hàn bí apìjálá ṣe ń ki ẹranko igbó, tí ẹ̀fẹ̀ sì ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọdẹ bá kú, àwọn ọdẹ yìí náà ni yóò sun ìrèmọ̀jé fún un. Ọdẹ tí ń fi ẹ̀rín kojú ẹkùn kò fi ẹkùn ṣeré.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe yọ ẹ̀fẹ̀ kúrò nínú ewì alohùn tí ẹ fi ń kọ́ ọmọ.