Níní géèmù orí kọ̀ǹpútà

Níní géèmù orí kọ̀ǹpútà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó dá lórí irú ẹ̀tọ́ tí oníbàárà ní lórí géèmù tí ó fi owó rà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó ra géèmù a máa mú àwo CD tàbí DVD rẹ̀ lọ sílé. Àwo náà di tirẹ̀: ó lè yá ọ̀rẹ́, ó lè tà á, ọmọ rẹ̀ sì lè jogún rẹ̀. Lóde òní, àṣẹ ìlò ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń tà, wọ́n sì ń so àṣẹ náà mọ́ àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo àgbáyé, ṣùgbọ́n ó ní ojú tirẹ̀ ní àdúgbò bíi Ojú Ẹlẹ́gbà ní Súrùlérè, ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí káràkátà ọjà àlòkù ti jẹ́ ara ìgbé ayé ojoojúmọ́.

Ìtàn

Ilé-iṣẹ́ Valve ti Amẹ́ríkà ni ó gbé Steam jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003. Nígbà tí géèmù Half-Life 2 jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2004, ẹni tí ó ra àwo rẹ̀ pàápàá kò lè gbá a láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì Steam. Báyìí ni kọ́kọ́rọ́ géèmù ṣe bọ́ sọ́wọ́ olùtajà, bí àwo tilẹ̀ wà lọ́wọ́ oníbàárà. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tẹ̀lé e: Ubisoft gbé Uplay kalẹ̀ ní ọdún 2009, Electronic Arts gbé Origin kalẹ̀ ní ọdún 2011, Epic Games sì ṣí ìsọ̀ tirẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. Ní ọdún 2020, Uplay di Ubisoft Connect.

Ọ̀pọ̀ launcher

Launcher ni orúkọ tí àwọn tí ń gbá géèmù ń pe ètò kọ̀ǹpútà tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí kí géèmù tó lè ṣí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àkáǹtì, ọ̀rọ̀ aṣínà àti àdéhùn tirẹ̀. Nígbà mìíràn, ọ̀kan a máa wà lẹ́yìn èkejì: ẹni tí ó ra Red Dead Redemption 2 lórí Steam yóò ṣí Steam, Steam yóò ṣí launcher ti Rockstar Games, ìyẹn náà yóò sì béèrè àkáǹtì tirẹ̀ kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kùnà, géèmù tí kò ní àbùkù kankan kò ní ṣí.

Ní Ojú Ẹlẹ́gbà àti agbègbè rẹ̀

Ojú Ẹlẹ́gbà jẹ́ orítà ńlá tí ó gba orúkọ rẹ̀ láti ara ojúbọ Ẹlẹ́gbà, èyíinì ni Èṣù. Bí ó ti rí káàkiri Èkó, púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n ń lò níbẹ̀ jẹ́ tòkunbọ̀. Àṣà ọjà náà ni pé ohun tí a rà, a lè tún un tà nígbà tí ọwọ́ bá há. Géèmù orí àkáǹtì kò bá àṣà yìí mu. Ẹni tí ó ta kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lè ta géèmù orí rẹ̀ mọ́ ọn, nítorí pé àdéhùn Steam kò gbà kí a ta àkáǹtì tàbí kí a fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ọ̀nà ìsanwó tún jẹ́ ìṣòro. Dọ́là ni Steam fi ń díye lé ọjà fún Nàìjíríà, kì í ṣe náírà. Ní ọdún 2022, nígbà tí owó ilẹ̀ òkèèrè ṣọ̀wọ́n, àwọn ilé ìfowópamọ́ kan dín iye tí ènìyàn lè fi káàdì náírà ná sí òkèèrè kù sí dọ́là 20 lóṣù, iye tí kò tó ra géèmù ńlá tuntun kan. Nítorí náà, àwọn kan ń ra káàdì ẹ̀bùn lọ́wọ́ alágbàtà. Bí ó bá wá hàn pé owó jíjí ni a fi ra káàdì náà, olùtajà lè gba géèmù padà, ẹni tí ó rà á kẹ́yìn ni yóò sì ru àdánù.

Ìnáwó dátà náà wà níbẹ̀. Baldur's Gate 3, tí ó jáde ní ọdún 2023, ń béèrè àyè 150 GB. Bí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́, ẹni tí ń fi owó ra dátà díẹ̀díẹ̀ yóò tún náwó kí ó tó lè gba ohun tí ó ti sanwó fún tẹ́lẹ̀ padà.

Ìparẹ́ géèmù

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2024, Ubisoft pa sẹ́fà The Crew, géèmù ọkọ̀ sísá tí ó jáde ní ọdún 2014. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó lè gbá a mọ́ bí ilé-iṣẹ́ náà ti ṣe é, títí kan ẹni tí àwo rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà, Ross Scott, ọmọ Amẹ́ríkà, dá ìpolongo Stop Killing Games sílẹ̀. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ìpolongo náà sí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti gba ìfọwọ́sí tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ní oṣù Keje ọdún 2025.

Òfin

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìpínlẹ̀ California fọwọ́ sí òfin AB 2426, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2025. Kò fún oníbàárà ní ohun ìní. Ó kàn sọ pé olùtajà kò gbọ́dọ̀ lo ọ̀rọ̀ "rà" láìjẹ́ kí oníbàárà mọ̀ kedere pé àṣẹ ìlò ni ó ń gbà.

Ní Nàìjíríà, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 béèrè pé kí a fi èdè tí ó yéni kọ ìwé àdéhùn. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti ọdún 2022, ní tirẹ̀, ka jíjá àgádágodo tí a fi dáàbò bo iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà sí ẹ̀ṣẹ̀.

Èrò àwọn ènìyàn

Àwọn alátìlẹ́yìn launcher ń tọ́ka sí àǹfààní rẹ̀. Àwo lè họ tàbí kí olè gbé e, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú àkáǹtì ṣeé gbà padà sórí kọ̀ǹpútà tuntun. Láti ọdún 2015, Steam ń dá owó padà fún ẹni tí ó bá béèrè láàárín ọjọ́ 14, bí kò bá tíì gbá géèmù náà tó wákàtí méjì. Ọ̀nà náà tún ń dín àdàkọ ayédèrú, tí ń jẹ èrè àwọn tí ó ṣe géèmù, kù.

Àwọn alátakò ń fèsì pé ẹni tí ó sanwó ní ìlànà òfin kò yẹ kí ó ní ààbò tí ó kéré sí ti ẹni tí ó lo ẹ̀dà jíjí, nítorí ẹ̀dà jíjí kì í dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí GOG, ìsọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Póláǹdì ní ọdún 2008, tí ń ta géèmù láìsí àgádágodo. Ẹni tí ó bá gba géèmù rẹ̀ níbẹ̀, tí ó sì tọ́jú rẹ̀ sórí háàdì díìsì, lè tún un fi sórí kọ̀ǹpútà mìíràn láìsí íntánẹ́ẹ̀tì àti láìsí launcher kankan.