Ilé Ìtàwé Lewis Michaux ní Harlem

Ní apá òkè erékùṣù Manhattan, ní ìlú New York, ni àdúgbò tí a ń pè ní Harlem wà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń rọ́ wọ ibẹ̀, àwọn kan láti ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń so ènìyàn rọ̀ sórí igi láìsí ìdájọ́, àwọn mìíràn láti àwọn erékùṣù Karibéánì. Oríta tí ó lókìkí jù lọ ní àdúgbò náà ni ibi tí òpópónà 125th Street ti pàdé Seventh Avenue. Hótẹ́ẹ̀lì Theresa, níbi tí Fidel Castro dé sí ní oṣù Kẹsán-án ọdún 1960, wà ní igun kan. Ní ọ̀ọ́kán rẹ̀, ní ojúlé 2107 Seventh Avenue, ni ilé ìtàwé kan wà tí àwọn ará Harlem ń pè ní ti Michaux. National Memorial African Bookstore ni orúkọ tí Lewis Michaux, ẹni tí ó ni ín, fún un. Ìwé ni a ń tà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tí kò ní owó ìwé lọ́wọ́ ni ó ń wọlé, tí ó ń jókòó, tí ó sì ń kàwé títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Òwò ìwé láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú New York kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ Michaux. Ní 1834, nígbà tí ìmúnilẹ́rú ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà, David Ruggles ṣí ilé ìtàwé tirẹ̀ sí Lispenard Street. Àwọn ìwé tí ó tako ìmúnilẹ́rú ni ó kún orí àtẹ rẹ̀. Ní ọdún kejì, 1835, àwọn jàǹdùkú dáná sun ún. Ẹni tí ó bá ń ka ìtàn àwọn òǹtàwé Harlem gbọ́dọ̀ fi iná yìí sọ́kàn, nítorí pé kò sí ìgbà kan tí títa irú ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́ òwò lásán lójú àwọn tí kò fẹ́ kí a kà á. Ní àwọn ọdún 1920, George Young, tí ó ti ṣe òṣìṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin rí, ń ta ìwé nípa Áfíríkà àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní 135th Street. Ní àkókò kan náà, Hubert Harrison, ọmọ erékùṣù St. Croix, a máa gun orí àkàbà ní ẹ̀gbẹ́ títì, a máa sọ̀rọ̀ lórí ìtàn, ìṣèlú àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, a sì máa ta ìwé fún àwọn tí ó dúró gbọ́ ọ. Harrison kú ní 1927. Ṣùgbọ́n ó ti fi àṣà kan sílẹ̀ ní Harlem: kí ọ̀rọ̀ ẹnu máa lọ ṣáájú, kí ìwé sì máa tẹ̀ lé e. Àṣà yìí ni Michaux wá sọ di ilé.

Ọmọ ìlú Newport News ní ìpínlẹ̀ Virginia ni Lewis Michaux. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Solomon Lightfoot Michaux, jẹ́ oníwàásù tí ohùn rẹ̀ ń dún lórí rédíò káàkiri Amẹ́ríkà. Lewis kò bá a lọ sí ìdí ìwàásù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, nígbà tí owó wọ́n gógó ní gbogbo Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn Harlem kò sì ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ni ó bẹ̀rẹ̀ òwò ìwé. Ìtàn tí a ń sọ ni pé ìwé márùn-ún péré ni ó fi bẹ̀rẹ̀, àti pé *Up from Slavery* tí Booker T. Washington kọ wà lára wọn. A tún máa ń sọ pé fèrèsé ni ó ń nù fún àwọn olówó kí ó tó rí owó jẹun, àti pé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà ni ó ń sùn. Nínú ìwé *No Crystal Stair* tí ọmọ ẹbí rẹ̀, Vaunda Micheaux Nelson, kọ nípa rẹ̀, a kà pé nígbà tí ó lọ yá owó ní báńkì, èsì tí ó gbà ni pé àwọn aláwọ̀ dúdú kì í kàwé. Ìtàn àròsọ tí a gbé ka orí ìtàn gidi ni ìwé náà, nítorí náà kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gba gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu inú rẹ̀ bí ẹ̀rí ilé ẹjọ́. Síbẹ̀, èrò tí ó wà nínú èsì náà gbilẹ̀ nígbà náà, òun sì ni Michaux fi gbogbo ayé rẹ̀ bá jà.

Báwo ni ó ṣe bá a jà? Kò dúró de òǹkàwé. Ó kọ pátákó ńláńlá sí iwájú ilé rẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ń kọjá lọ ní títì yóò ti kàwé kí ó tó mọ̀ pé òun ń kàwé. Lórí àwọn pátákó náà ni ó ti pe ilé rẹ̀ ní ilé làákàyè, tí ó kéde pé ìtàn àwọn ènìyàn Áfíríkà àti ti gbogbo ẹni tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun ní ayé ni òun ń tà, tí ó sì gba ènìyàn níyànjú láti padà sí Áfíríkà. Michaux fẹ́ràn láti máa sọ ọ̀rọ̀ tí ìparí rẹ̀ bá ara wọn dọ́gba ní ìró, èyí tí kò ṣeé túmọ̀ láìba adùn rẹ̀ jẹ́. Àwọn ará àdúgbò fún un ní orúkọ ìnagijẹ, Ọ̀jọ̀gbọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé tí ó kà ní ilé ẹ̀kọ́ kò tó nǹkan.

Ohun tí ó wà nínú ilé náà tún ṣe kókó ju ti ìta lọ. Àwọn tí ó kọ̀wé nípa rẹ̀ sọ pé iye ìwé ibẹ̀ kọjá ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, èyíinì ni 200,000. Àwọn ìwé tí àwọn ilé ìtàwé ńlá kò kà sí ni ó pọ̀ níbẹ̀. J. A. Rogers, fún àpẹẹrẹ, fi owó ara rẹ̀ tẹ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé rẹ̀ lórí àwọn akọni aláwọ̀ dúdú. Carter G. Woodson, ẹni tí ó kọ *The Mis-Education of the Negro* ní 1933, dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ nítorí pé àwọn ilé ìtẹ̀wé òyìnbó kò fẹ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Irú òǹkọ̀wé báyìí kò lè rí òǹkàwé àfi kí ẹnì kan mú ìwé wọn lé ènìyàn lọ́wọ́ kí ó sì sọ fún un pé, "Ka èyí." Iṣẹ́ Michaux nìyẹn. Àwòrán àwọn aṣíwájú aláwọ̀ dúdú kún ara ògiri yàrá ẹ̀yìn, àga wà níbẹ̀, ẹni tí kò bá ní owó a sì máa jókòó ka ohun tí ó bá fẹ́. Oníṣòwò mìíràn yóò sọ pé òmùgọ̀ ni. Ṣùgbọ́n alákàrà tí ó bu akara fún ọmọdé tọ́ wò mọ ohun tí ó ń ṣe. A lè béèrè pé ṣé ilé ìkàwé ìjọba kò tó ni? Ilé ìkàwé tí ó wà ní 135th Street ti ra àkójọpọ̀ ìwé Arthur Schomburg láti 1926, ọ̀ṣọ́ ni ó sì jẹ́ fún Harlem. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìwé tí a yá, a óò dá a padà. Ìwé tí a rà di ti ilé ẹni, ọmọ lè jogún rẹ̀.

Nígbà tí ilé náà ti gbilẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé pàápàá ń wá síbẹ̀ láti bá àwọn òǹkàwé pàdé àti láti buwọ́ lu ìwé wọn. Langston Hughes, akéwì Harlem, wà lára wọn. Ìpàdé báyìí ní Harlem kì í ṣe àríyá àwọn ọ̀mọ̀wé. Ẹni tí ó wá gba ìbuwọ́lù ti lè jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìdáná tàbí awakọ̀, ó sì ti gbọ́ nípa ìwé náà lẹ́nu òǹtàwé kí òǹkọ̀wé tó dé. Nítorí èyí ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, 20 oṣù Kẹsán-án ọdún 1958, fi yẹ ní àgbéyẹ̀wò.

Ní oṣù náà ni ìwé àkọ́kọ́ Martin Luther King, *Stride Toward Freedom*, jáde. Ìtàn bí àwọn aláwọ̀ dúdú Montgomery ṣe kọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì ní 1955 àti 1956 ni ó wà nínú rẹ̀. King, tí ó jẹ́ ẹni ọdún 29 nígbà náà, wá sí Harlem láti buwọ́ lu ìwé náà. Ibi tí àwọn olùṣètò mú un lọ ni Blumstein, ilé ìtajà ńlá kan ní 125th Street, tí aṣọ àti bàtà jẹ́ ọjà rẹ̀, tí àwọn aláwọ̀ funfun sì ni ín. Ilé ìtàwé Michaux kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ sí ibẹ̀. Àwọn àgbà Harlem kò tíì gbàgbé pé ní 1934, àwọn ará àdúgbò ní láti kọ̀ láti ra ọjà ní Blumstein kan náà kí ilé náà tó gbà láti fi àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe òǹtajà. Inú Michaux kò dùn sí ètò yìí rárá, kò sì fi pa mọ́. Ẹ̀sùn rẹ̀ kò ṣòro láti lóye: bí ẹni tí ó kọ̀wé lórí ìyà aláwọ̀ dúdú bá wọ Harlem, tí ó sì fi ilé ìtàwé aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ lọ jókòó sí àárín aṣọ títà, ta ni yóò tún ka òǹtàwé náà sí?

Bí King ti ń buwọ́ lu ìwé lọ́wọ́, obìnrin kan súnmọ́ ọn, ó sì fi ọ̀bẹ tí a fi ń ya àpò lẹ́tà gún un ní àyà. Aláwọ̀ dúdú ni obìnrin náà. Àwọn dókítà padà rí i pé ọpọlọ rẹ̀ kò pé. Wọ́n gbé King lọ sí ilé ìwòsàn Harlem pẹ̀lú ọ̀bẹ náà ní àyà rẹ̀. Ẹnu ọ̀bẹ ti kan ẹ̀gbẹ́ iṣan ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn, a sì sọ fún un lẹ́yìn náà pé bí ó bá sín pẹ́rẹ́, ìbá ti kú. Òun fúnra rẹ̀ rántí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwàásù rẹ̀ ìkẹyìn ní Memphis, ní 3 oṣù Kẹrin ọdún 1968, ọjọ́ kan ṣáájú ikú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ibi tí a fi ètò náà sí ni ó fa ọ̀bẹ. Wèrè lè wọ ilé ìtàwé gẹ́gẹ́ bí ó ti lè wọ ilé aláṣọ. Àríyànjiyàn Michaux dúró lọ́tọ̀, ariwo ọ̀bẹ sì bò ó mọ́lẹ̀.

Malcolm X kò ṣe bí àwọn olùṣètò King ti ṣe. Kò kọjá kíláàsì kẹjọ ní ilé ẹ̀kọ́. Inú ẹ̀wọ̀n ni ó ti sọ ara rẹ̀ di òǹkàwé. Ní ilé Michaux ó rí yàrá ẹ̀yìn tí ó ti lè kàwé fàlàlà, ó sì rí iwájú ilé tí ó ti lè bá ogunlọ́gọ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó dúró níbẹ̀ láti sọ̀rọ̀ ní àwọn ọdún 1960, tí pátákó Michaux wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964, Hótẹ́ẹ̀lì Theresa tí ó kọjú sí ilé ìtàwé náà ni ó fi ọ́fíìsì sí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà ó dé Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ti sọ ọ́ ní Ọmọwálé. Ọkùnrin tí ó ti ń dúró lábẹ́ pátákó tí ó ní kí a padà sí Áfíríkà sì mú orúkọ Yorùbá padà sí Harlem. Wọ́n pa á ní 21 oṣù Kejì ọdún 1965. Ilé iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó tẹ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sá fún un lẹ́yìn ikú rẹ̀. Grove Press ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ọdún náà.

Ọdún 1968 kò rọrùn fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá, J. Edgar Hoover, olórí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI, pàṣẹ kí àwọn ọ́fíìsì rẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà wádìí àwọn ilé ìtàwé aláwọ̀ dúdú tí ó kà sí ti àwọn alágídí: ta ni ó ni wọ́n, ta ni ó ń wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣí Michaux nídìí kúrò ní oríta rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ New York, lábẹ́ gómìnà Nelson Rockefeller, fẹ́ kọ́ ilé ọ́fíìsì alájà mọ́kàndínlógún sí ibẹ̀. Michaux kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ibòmíràn ní 125th Street. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1969, àwọn ará àdúgbò lọ tẹ̀dó sórí ilẹ̀ tí a ti wó náà, wọ́n ní ilé ìwé àti ilé gbígbé ni Harlem nílò, kì í ṣe ọ́fíìsì. Wọ́n lé wọn kúrò, a sì kọ́ ilé náà. Ilé ìtàwé náà kò pẹ́ ní ibùdó rẹ̀ tuntun. Àìsàn mú Michaux, ilẹ̀kùn sì ti tì kí ó tó kú ní 1976.

Obìnrin kan ti wà ní Harlem nígbà náà tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Una Mulzac ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Hugh Mulzac, ọ̀gákọ̀ ojú omi. Ó ti ta ìwé ní orílẹ̀-èdè Guyana, ó sì farapa níbẹ̀ ní 1964 nígbà tí bọ́ǹbù bú ní ilé ìtàwé tí ó ń mójú tó. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, kò wá iṣẹ́ mìíràn. Ní 1967 ó ṣí Liberation Bookstore sí igun Lenox Avenue àti 131st Street, ó ń ta ìwé fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́, ó sì ń bá ẹni tí kò fẹ́ ẹ jà. Ọdún 2007 ni ó tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó kú ní 2012, ọdún kan náà tí ìwé Nelson lórí Michaux jáde.