Aljẹ́brà, Ogún Pínpín àti Ìlọrin

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìṣirò tó ní x² nínú kò ṣeé fi Yorùbá ṣe, pé ti òyìnbó ni. Irọ́ ni. Ìtàn ìṣirò yìí sún mọ́ Ìlọrin ju Lọ́ńdọ̀nù lọ.

Ní nǹkan bí ọdún 820 ni Muhammad ibn Musa al-Khwarizmi kọ ìwé rẹ̀ ní Baghdad. Inú orúkọ ìwé náà, al-jabr, ni aljẹ́brà ti jáde. Ó ní nítorí ogún pínpín, ẹjọ́, òwò àti ilẹ̀ wíwọ̀n lòun fi kọ ọ́, abala ńlá nínú rẹ̀ sì dá lórí ogún àti ìwé ìhágún. Ta ni irú ìmọ̀ yìí máa ṣàjèjì sí ní Ìlọrin, níbi tí àwọn ààfáà ti ń pín ogún sí ìdajì, ìdámẹ́rin àti ìdámẹ́jọ?

Al-Khwarizmi kò mọ x. Mal, ìyẹn dúkìá, ló pe x². Jidhr, ìyẹn gbòǹgbò, ló pe x. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tó lókìkí jù nìyí: dúkìá kan pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ mẹ́wàá jẹ́ 39. Kí ni gbòǹgbò náà? Ó ya onígun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba, ó pín 10 sí méjì, ó lẹ 5 mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, 5 mọ́ ìkejì. Kọ̀rọ̀ tó ṣófo jẹ́ 5 lọ́nà 5, 25 nìyẹn. 39 àti 25 jẹ́ 64; gbòǹgbò rẹ̀ ni 8. Yọ 5, ó ku 3.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì yàtọ̀. A ó kó gbogbo rẹ̀ sí apá kan: x² + 10x − 39 = 0. A ó wá nọ́ńbà méjì tí àròpọ̀ wọn jẹ́ 10, tí ìsọdipúpọ̀ wọn sì jẹ́ −39. 13 àti −3 ni. Nítorí náà, (x + 13)(x − 3) = 0. Ohun méjì kò lè sọ ara wọn di púpọ̀ kí ó jẹ́ òdo, àfi tí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ òdo. Èyí fún wa ní 3 tàbí −13. Inú ìwé Thomas Harriot, ará Ìlú Ọba, tó jáde ní 1631, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni ọ̀nà yìí ti gbilẹ̀.

Al-Khwarizmi kò dárúkọ −13 rárá. Dúkìá wo ni gbòǹgbò rẹ̀ máa dín sí òdo? Bẹ́ẹ̀ Brahmagupta ní Íńdíà ti pe irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ní gbèsè láti ọdún 628. Ààfáà Ìlọrin kò ní bá a jiyàn: gbèsè òkú la kọ́kọ́ ń san kí ogún tó kàn. Àwa náà tí à ń pe 39 ní mọ́kàndínlógójì, yíyọ kúrò kò ṣàjèjì sí wa (a mọ̀ pé "dín" nìkan kọ́ ni nọ́ńbà òdì o).

Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ìwé kẹfà ni ètò náà parí sí, sẹ́kọ́ńdìrì ni x² sì ti ń bẹ̀rẹ̀.